Asẹ́ ni àbí ajere?

Lórí orúkọ Yorùbá tí a ń wá fún anterior ethmoidal artery, ìyẹn iṣan ẹ̀jẹ̀ kan láàárín ojú àti imú: ẹ̀gbọ́n wa tó dábàá "iṣan imú", ẹ kú làákàyè o, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn á ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Òótọ́ ni pé ó máa ń pàdé àwọn iṣan mìíràn níwájú ògiri tó pín imú sí méjì, níbi tí ẹ̀jẹ̀ imú àwọn ọmọdé ti sábà ń wá. Àmọ́ inú kòtò ojú ló ti yà lára iṣan tó ń bọ́ ojú. Ó gba ihò tóóró wọnú egungun, ó bọ́ àwọn yàrá afẹ́fẹ́ ibẹ̀, ó yọ sábẹ́ ọpọlọ, kó tó sọ̀ kalẹ̀ sínú imú. Bí oníṣẹ́ abẹ bá ṣèèṣì gé e, ó lè sún padà sínú kòtò ojú, kí ẹ̀jẹ̀ máa dà sẹ́yìn ẹyinjú. Ta ló máa wá "iṣan imú" débẹ̀?

"Iṣan àlọ" fún artery, iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú ọkàn, tẹ́ mi lọ́rùn. Nọ́ọ̀sì tó ń wá ibi tí yóò gún lábẹ́rẹ́ a máa ní "mi ò rí iṣan ẹ", bẹ́ẹ̀ iṣan àbọ̀ (vein), tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sínú ọkàn, ló ń wá. Nítorí náà ẹ má yọ "àlọ" kúrò, kẹ́ ẹ sì fi àmì sí i dáadáa, kó má di àlọ́ ìjàpá.

Orí ethmoid, orúkọ egungun tí iṣan náà gbà kọjá, gan-an ni ìjà wà. Ethmos àwọn Gíríìkì ni, ohun tí wọ́n fi ń sẹ́ nǹkan, ni ẹnì kan bá pè é ní asẹ́. Asẹ́ tí ìyá mi fi ń sẹ́ ògì, aṣọ ni. Ó ń fún un, ó ń sá a sórí okùn. Ṣé egungun nìyẹn? Ojú ajọ̀ èlùbọ́ náà ti kúnná jù. Ajere ló bá a mu: ìkòkò amọ̀ olójú púpọ̀, tó le, àmọ́ tí kì í pẹ́ fọ́. Egungun yẹn náà tinrin bẹ́ẹ̀, àwọn fọ́nrán ìmọ̀lára (nerve) tí a fi ń gbọ́ òórùn sì ń gba ojú ihò rẹ̀ kọjá.

Wọ́n ní ọmọ ìsinsìnyí kò mọ ajere. Ṣé ó mọ ethmos?

"Iṣan àlọ ajere ti iwájú" ni mo fọwọ́ sí. Èkejì rẹ̀, tó wà ní nǹkan bíi mìlímítà 12 lẹ́yìn rẹ̀, á di "ti ẹ̀yìn". "Yàrá afẹ́fẹ́" tí mo lò fún sinus ni kò tíì dá mi lójú. "Ihò" kò lè ṣe é, torí imú fúnra rẹ̀ ti ní ihò méjì.