Ìmọ̀ràn fún ẹni tó fẹ́ fi láísẹ́ǹsì Nàìjíríà wakọ̀ ní Ìlú Ọba

Adéwálé, Ìbàdàn:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Nínú oṣù kẹsàn-án ni èmi, ìyàwó mi àti ọmọbìnrin wa, ọmọ ọdún mẹ́rin, ń bọ̀ ní Leeds, níbi tí mo ti fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ oyè kejì. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wakọ̀ nílé, mo sì fẹ́ ra ọkọ̀ kékeré kan bí a bá dé. Ẹnì kan sọ fún mi pé láísẹ́ǹsì Nàìjíríà kò wúlò níbẹ̀ rárá. Ẹlòmíràn ní bí mo bá ti ní ìwé ìwakọ̀ káríayé lọ́wọ́, kò sí ẹni tó máa yẹ̀ mí lọ́wọ́ wò. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni òfin sọ gan-an, kí ló sì yẹ kí n ti ṣe kí n tó wọ bàálù?

Ìyá Ìbejì, Manchester:
Ọ̀gbẹ́ni Adéwálé, ẹ kú ìmúra ìrìn àjò. Ohun tí àwọn méjèèjì sọ fún yín kò pé. Ní England, Wales àti Scotland, òfin gbà kí ẹni tó ní ojúlówó láísẹ́ǹsì Nàìjíríà, tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, máa fi wa ọkọ̀ kékeré fún oṣù 12 láti ọjọ́ tó bá ti di olùgbé ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wa rò pé bí àwọn bá lọ ṣọdún Kérésì nílé tí àwọn sì padà, oṣù 12 mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún olùgbé. Oṣù 12 kan ṣoṣo náà ni. Nàìjíríà kò sì sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń bá pààrọ̀ láísẹ́ǹsì, bí wọ́n ti ń ṣe fún South Africa àti Zimbabwe, nítorí náà bí ọdún náà bá ti pé, ìdánwò tiwọn ni ẹ ó ṣe, bí ẹni tí kò wakọ̀ rí.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má dúró títí oṣù 12 náà yóò fi fẹ́ pé. Ní kété tí ẹ bá ti ní àdírẹ́sì, ẹ gba láísẹ́ǹsì provisional, ìyẹn ti ẹni tó ń kọ́ ọkọ̀, lọ́dọ̀ DVLA, àjọ ìjọba tó ń fúnni ní láísẹ́ǹsì níbẹ̀. £34 ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbígbà á kò sì dí yín lọ́wọ́ láti máa fi ti Nàìjíríà wakọ̀ títí ọdún yóò fi pé. Ìdánwò orí kọ̀ǹpútà ló tẹ̀ lé e, £23, níbi tí ẹ gbọ́dọ̀ ti gba 43 nínú ìbéèrè 50, kí ẹ sì gba máàkì 44 nínú 75 ní apá tí wọ́n ti ń fi fídíò wò bóyá ẹ ń tètè rí ewu lójú pópó. Ẹni tó bá yege ní ọdún 2 láti fi ṣe ìdánwò ìwakọ̀ gan-an, tó jẹ́ £62 ní ọjọ́ iṣẹ́. Ọjọ́ ìdánwò yìí ló ṣòro láti rí, nítorí pé èrò pọ̀ lórí ìlà débi pé ènìyàn lè fi ọ̀pọ̀ oṣù dúró. Bí ọdún bá sì pé kí ẹ tó yege, ẹ kò lè dá wakọ̀ mọ́: ẹ ó lẹ lẹ́tà L pupa mọ́ ọkọ̀, ẹni tó ti lé ní ọdún 21 tó sì ti ní láísẹ́ǹsì fún ọdún 3 ni yóò máa jókòó tì yín.

Bàbá Tóbi, Birmingham:
Ìyá Ìbejì ti sọ̀rọ̀ délẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ fi kún un ni ìbánigbófò, nítorí òun ló ń kó ba àwọn ènìyàn wa jù lọ. Nílé, tí ọkọ̀ bá ti ní ìwé, ẹnikẹ́ni nínú ẹbí lè mú kọ́kọ́rọ́ kó máa lọ. Níbí, awakọ̀ tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìbánigbófò náà ló lẹ́tọ̀ọ́ láti wà á. Bí ìyàwó yín yóò bá wà á, ẹ fi orúkọ tirẹ̀ náà sí i. Kámẹ́rà ń ka nọ́ńbà ọkọ̀ lójú títì, ó sì ń sọ fún ọlọ́pàá lójú ẹsẹ̀ pé ọkọ̀ yìí kò ní ìbánigbófò. Owó ìtanràn £300 ni, pẹ̀lú póìǹtì ìjìyà 6 lórí láísẹ́ǹsì, wọ́n sì lè gbé ọkọ̀ náà lọ.

Fọ́ọ̀mù yóò bi yín irú láísẹ́ǹsì tí ẹ ní. Owó tí wọn yóò pè fún láísẹ́ǹsì Nàìjíríà lè dẹ́rù bà yín, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, òótọ́ ni kí ẹ kọ. Ẹnì kan tí mo mọ̀ kọ ọ́ pé ti Ìlú Ọba ni òun ní, kí owó lè dín kù. Lọ́jọ́ tó kọ lu ọkọ̀ ẹlòmíràn, iléeṣẹ́ ìbánigbófò náà ní ìwé rẹ̀ kò fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ohun kan tún wà tó yàtọ̀ sí ti ilé: owó orí ọkọ̀ tí ẹni tó tà á fún yín ti san kì í bá ọkọ̀ lọ. Ẹ san tiyín kí ẹ tó wà á kúrò níbẹ̀.

Akin, Leeds:
Ẹ kú àlejò sí Leeds. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ti ń wakọ̀ níbí, bí Nàìjíríà náà ti ń ṣe kó tó di ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972. Ojú títì tó tọ́ kì í ṣe ìṣòro, ráńdábáòtù ni: ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ wò, ẹni tó ń bọ̀ láti ibẹ̀ ni kí ẹ fún láyè, ọwọ́ òsì lẹ ó sì yà wọlé. Máìlì ni wọ́n fi ń ka eré, 30 láàárín ìlú àti 70 ní ojú ọ̀nà márosẹ̀. Ní Wales, 20 ni ọ̀pọ̀ àdúgbò láti ọdún 2023. Ọmọ yín gbọ́dọ̀ jókòó nínú àga ọmọdé títí yóò fi ga tó sẹ̀ǹtímítà 135 tàbí pé ọdún 12. Ẹ má gbé e lé ẹsẹ̀ o, bó ti wù kí ibi tí ẹ ń lọ súnmọ́ tó.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Èkó:
Èmi rò pé ìwé káríayé yẹn ṣe pàtàkì jù. Ẹ gbà á kí ẹ tó kúrò nílé.

Ìyá Ìbejì, Manchester:
Ẹ̀gbọ́n, ìwé náà kàn ń túmọ̀ láísẹ́ǹsì ni, kò lè dá dúró láìsí i. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi kọ ti Nàìjíríà, nítorí náà kò pọn dandan ní Ìlú Ọba. Ohun tí mo fẹ́ kí Ọ̀gbẹ́ni Adéwálé mójú tó kí ó tó kúrò nílé ni káàdì gan-an. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé ìwé onígbà díẹ̀ tí àjọ FRSC kọ́kọ́ fún wọn wá, èyí tí kì í ju ọjọ́ 60 lọ. Bí káàdì yín bá ti fẹ́ parí, ẹ sọ ọ́ dọ̀tun báyìí, kí ẹ sì dúró gbà á.

Adéwálé, Ìbàdàn:
Ẹ ṣeun púpọ̀ gbogbo yín. Káàdì mi ku oṣù mẹ́rin, n ó lọ sọ ọ́ dọ̀tun lọ́sẹ̀ yìí. Ó ku ìbéèrè kan: bí bàbá mi bá wá kí wa, ṣé wọ́n lè fi láísẹ́ǹsì Nàìjíríà tiwọn wa ọkọ̀ wa?

Bàbá Tóbi, Birmingham:
Wọ́n lè wà á. Ní ti àlejò, láti ọjọ́ tó wọ ìlú kẹ́yìn ni wọ́n ti ń ka oṣù 12 tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ pe iléeṣẹ́ ìbánigbófò yín kí Bàbá tó dé, kí wọ́n fi orúkọ wọn kún ìwé, kí ẹ sì béèrè bóyá wọ́n ń gba awakọ̀ tó ti dàgbà tó wọn, nítorí pé iléeṣẹ́ mìíràn kì í gbà.