Ìrírí wa nínú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ àwọn tí ń kó ọjà wọ ibùdó òwò ọ̀fẹ́

Ìrírí kìíní, láti Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ẹni tí ó béèrè pé kí ni ènìyàn ń rí nínú ìgbìmọ̀ tí wọn kì í sanwó rẹ̀ fúnni ni mo fẹ́ dá lóhùn, nítorí pé ó di ọdún mẹ́ta báyìí tí mo ti wà nínú irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀, n kò sì kábàámọ̀. Òwò kajú ni mo ń ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́. Láti oṣù Èrèlé títí di oṣù Èbìbí ni a máa ń rà á lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ní Ìkòyí-Ilé, ní Ajáàwà àti ní àwọn abúlé tí ó yí wa ká. A ó sá a, a ó ṣà á, a ó dì í sí àpò, a ó sì tà á fún àwọn tí ń kó o lọ sí Íńdíà àti Vietnam. Apá kan nínú ọjà mi máa ń lọ sí ilé-iṣẹ́ kan tí ń bó kajú nínú ibùdó òwò ọ̀fẹ́, èyí tí àwa oníṣòwò ń pè ní fíríì sóònù.

Kì í ṣe ìfẹ́ ẹgbẹ́ ni ó gbé mi dé inú ìgbìmọ̀, àdánù ni. Ní ọdún kan, mo di ọ̀ọ́dúnrún àpò kajú sínú ọkọ̀ àjàgbé, àpò kọ̀ọ̀kan jẹ́ 80 kílò. Nígbà tí ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà ibùdó náà, wọn kò jẹ́ kí ó wọlé. Ìwé owó ọjà tí mo kọ sọ pé kílò 24,000 ni. Ìwé tí awakọ̀ mú lọ́wọ́ sọ pé àpò 300, kò sì dárúkọ ìwọ̀n kankan. Òṣùwọ̀n ẹnu ọ̀nà sì sọ pé kílò 23,740. Lójú tèmi, ọjà kan náà ni gbogbo rẹ̀. Lójú àwọn aṣọ́bodè, ẹnu ọ̀nà ibùdó òwò ọ̀fẹ́ dà bí ẹnubodè orílẹ̀-èdè, nítorí pé òfin ka inú rẹ̀ sí ibi tí owó bodè Nàìjíríà kò dé, wọ́n sì gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde, kílò sí kílò.

Ọjọ́ mẹ́fà ni ọkọ̀ náà fi dúró nínú òjò oṣù Igbe. Kajú tí omi ara rẹ̀ jẹ́ mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tí ó kúrò lọ́dọ̀ wa ti di mọ́kànlá nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n níbẹ̀. Mo dúró ti tábìlì tí wọ́n ti ń gé e wò. Kílò kan ni wọ́n bù láti inú àwọn àpò tí wọ́n ṣà. Ọmọbìnrin tí ó ń gé e sì ń la èso kọ̀ọ̀kan sí méjì, ó ń to àwọn tí ó funfun sí ọ̀tún, àwọn tí ó ní àbàwọ́n sí àárín, àwọn tí ó ti bu sí òsì. Ìka rẹ̀ ti dúdú nítorí epo èèpo kajú, èyí tí ń jó ènìyàn lára. Bí òkìtì òsì ṣe ń ga ni ọkàn mi ń rẹ̀wẹ̀sì. Ohun tí ó bá kù sí ọ̀tún, pẹ̀lú ìdajì èyí tí ó wà ní àárín, ni wọ́n fi ń ṣírò iye pọ́n-ùn èso tí àpò 80 kílò kan yóò mú jáde. 48 ni a rí nílé, 46 ni wọ́n rí níbẹ̀, owó mi sì bá a wálẹ̀.

Tìbínú-tìbínú ni mo fi wọ ìpàdé ẹgbẹ́ ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Mo ní àwọn òṣìṣẹ́ ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ba ọjà mi jẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó kín mi lẹ́yìn, tí olúkúlùkù sì ń ro ẹjọ́ tirẹ̀. Alága ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́, ìyá àgbàlagbà kan tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, dúró títí mo fi sọ tán, ó wá ní, “Ọmọ mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọjọ́ wo ni? Aago mélòó? Ìwé wo gan-an ni wọ́n kọ̀, kí ni wọ́n sì sọ pé ó kù nínú rẹ̀?” N kò rí ìdáhùn kan fọ̀ yékéyéké. Ó ní kí n wá sí ìgbìmọ̀ òun.

Àwa mọ́kànlá ni a bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ó ku àwa márùn-ún. N kò dá àwọn tí ó lọ lẹ́bi rárá. Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ gbé fún wa ni pé kí a máa la àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lọ́yẹ̀, iṣẹ́ tí kò ní ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀, tí kò sì ní ibi tí a ó parí rẹ̀ sí. A ó pàdé lórí Zoom ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a ó sọ̀rọ̀ títí di aago mẹ́wàá, a ó túká, a kì yóò sì rí ohun kan tọ́ka sí lọ́sẹ̀ kejì. Ẹni tí ó ti wà lórí ìsọ̀ láti òwúrọ̀, tí kò sì sí iná nílé rẹ̀, kò lè bá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ pẹ́.

Màmá ni ó yí i padà. Ó ní oṣù mẹ́ta péré ni òun tún ń bẹ̀ lọ́wọ́ wa, àti pé ohun méjì ni a ó ṣe nínú rẹ̀: a ó kó ìṣẹ̀lẹ̀ gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n ti dá dúró jọ, a ó sì kọ ìwé olójú-ewé méjì ní èdè Yorùbá fún ẹni tí ó fẹ́ kó ọjà wọ ibùdó. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ lẹ́yìn ìyẹn, kí ó máa lọ ní àlàáfíà. Èmi ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé. Mo ra ìwé ńlá kan ní Tákíè, mo fa ìlà sí i: ọjọ́, aago, irú ọjà, ohun tí wọ́n ní ó kù, iye ọjọ́ tí ọkọ̀ fi dúró. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìṣẹ̀lẹ̀ tí mo kọ lé ní ogún. Ní alẹ́ ọjọ́ tí mo kà á fún ìgbìmọ̀ láti òkè dé ilẹ̀, ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìwé wa ni. Ẹnì kan kọ àpò síhìn-ín, ó kọ kílò sọ́hùn-ún, gẹ́gẹ́ bí èmi náà ti ṣe. Orúkọ ilé-iṣẹ́ ẹlòmíràn fi lẹ́tà kan yàtọ̀ sí èyí tí ó wà nínú ìwé àṣẹ. Ọkọ̀ ẹlòmíràn bàjẹ́ ní Ìbàdàn, wọ́n kó ẹrù sínú òmíràn, nọ́ńbà ọkọ̀ kò sì bá ti inú ìwé mu mọ́. Díẹ̀ ni ó jẹ́ ẹ̀bi ẹnu ọ̀nà ní tòótọ́, pàápàá ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì tí a kì í rí ẹni tí yóò fọwọ́ sí ìwé. Àwọn díẹ̀ wọ̀nyí nìkan ni a kó lọ bá àwọn alábòójútó ibùdó, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i kí wọ́n mú bírò kí wọ́n sì máa kọ ohun tí a ń sọ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi yan ẹni tí yóò máa dúró ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Gbogbo ọdún tí a fi ń pariwo nínú gbọ̀ngàn, ẹnikẹ́ni kò ṣe ìyẹn fún wa.

Lórí ìwé olójú-ewé méjì náà, a jiyàn gidigidi. Àwọn kan fẹ́ kí a fi ti ẹni tí ń kó ọjà lọ sókè òkun fúnra rẹ̀ kún un: fọ́ọ̀mù NXP tí a fi ń forúkọ ọjà tí ń lọ sókè òkun sílẹ̀ ní báńkì, ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ NEPC, àjọ ìjọba tí ń rí sí títa ọjà sókè òkun, ìwé ẹ̀rí ìlera ohun ọ̀gbìn, àti ọgọ́sàn-án ọjọ́ tí owó ọjà gbọ́dọ̀ fi wọlé padà. Ẹnì kan tilẹ̀ fẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti òfin 1992 tí ó dá NEPZA sílẹ̀, àjọ ìjọba tí ń ṣàbójútó àwọn ibùdó òwò ọ̀fẹ́, àti bí ibùdó ti Kàlàbá ṣe jẹ́ àkọ́kọ́. Màmá kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ẹni tí awakọ̀ rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà kò ní àyè ìtàn. Mo rò nígbà náà pé ó le jù. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo gbà báyìí.

Ìrírí kejì, láti Ọ̀yọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, bọ̀dá. Inú ìgbìmọ̀ tí ń gba ọmọ ẹgbẹ́ tuntun ni èmi wà, èlùbọ́ àti gàrí tí a dì sínú ọ̀rá ni mo ń tà. Mo fẹ́ sọ ohun kan tí ẹ kò fọwọ́ bà. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n fi ìpàdé wa sí, àkókò tí àwa tí a ní ìsọ̀ ní Akẹ̀sán kò lè yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tọrọ àforíjì. Nígbà tí ó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, mo kà á nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé pé mo ti yọwọ́. Ó dùn mí wọra, nítorí pé ènìyàn mẹ́sàn-án ni mo ti fi ẹsẹ̀ ara mi wá wọlé sínú ẹgbẹ́ ní ọdún yẹn, tí mo sì ń fi owó ara mi wọkọ̀ lọ bá wọn. Mo kọ lẹ́tà, mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n sì yí ìpàdé sí aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Síbẹ̀, mo ṣì ń bá wọn fà á pé kí ẹgbẹ́ máa san owó dátà àti owó ọkọ̀ fún ọmọ ìgbìmọ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní ọ̀fẹ́ yìí, àpò ẹnì kan ni owó rẹ̀ ti ń jáde.

Ìrírí kẹta, láti ọ̀dọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí ó wà ní Amẹ́ríkà

Mo kí ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Inú irú ibùdó yìí ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí. Òfin tiwọn ti wà láti 1934, ibùdó àkọ́kọ́ sì ṣí ní Staten Island, ní New York, ní 1937. Ẹgbẹ́ àpapọ̀ wọn ti wà láti 1973, àwọn olùyọ̀ǹda bíi tiyín ni ó sì kún inú àwọn ìgbìmọ̀ rẹ̀. Àǹfààní tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń wá ni pé bí owó bodè tí ó wà lórí ẹ̀yà tí wọ́n kó wọlé láti fi ṣe ọjà bá ju èyí tí ó wà lórí ọjà tí wọ́n fi ẹ̀yà náà ṣe lọ, ẹni tí ó bá ti gba àṣẹ lè san ti ọjà náà dípò ti ẹ̀yà.

Níbí, bí ìjọba bá fẹ́ yí ìlànà padà, wọn a tẹ̀ ẹ́ jáde, wọn a sì fún ará ìlú ní àyè, ọgbọ̀n tàbí ọgọ́ta ọjọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, kí wọ́n fi kọ èrò wọn. Ìgbìmọ̀ wa ni ó máa ń kọ ti ẹgbẹ́. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fún mi ni pé kí n pe àwọn ibùdó kéékèèké, kí n béèrè wákàtí tí ìlànà tuntun kan yóò gbà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ wọn lóṣù. Mo rò pé iṣẹ́ ọmọdé ni wọ́n fún mi. Nígbà tí a kọ lẹ́tà náà, àwọn wákàtí yẹn ni wọ́n fi ṣe ìpínrọ̀ àkọ́kọ́. Ohun tí àwọn agbẹjọ́rò kọ tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Nítorí náà, ìwé tí ẹ̀gbọ́n rà ní Tákíè yé mi dáadáa.

Láti Ògbómọ̀ṣọ́, lẹ́ẹ̀kan sí i

Ẹ ṣé, àbúrò mi. Àǹtí Ọ̀yọ́, òótọ́ ni ẹ sọ nípa owó dátà. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún ìpàdé tí ń bọ̀. Ní òpin ọdún yìí ni sáà mi yóò parí, mo sì ti ń fi iṣẹ́ akọ̀wé han ọmọbìnrin kan tí ń ra kajú ní Ìkòyí-Ilé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ka ìwé olójú-ewé méjì náà, ó sì bi mí pé bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà tí wọ́n sì pààrọ̀ awakọ̀, lọ́wọ́ ta ni ìwé òṣùwọ̀n yóò wà? Kò sí ìdáhùn rẹ̀ nínú ìwé wa. Òun ni ó ń kọ ìlà yẹn lọ́wọ́ báyìí.