Alẹ́ Pízà àti Kọ́kítéèlì Nílé Pẹ̀lú Àwọn Ọ̀rẹ́: Ẹ Wá Sọ Ohun Tí Ọwọ́ Yín Ti Mọ̀

Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá fẹ́ gba àwọn ọ̀rẹ́ lálejò lálẹ́ Sátidé, alẹ́ Jímọ̀ ni kó ti po ìyẹ̀fun. Èyí tí a sáré pò kí àlejò tó dé kì í dùn, bí ẹ bá sì ń tẹ́ ẹ, ńṣe ni yóò máa sún kì. Fún pízà mẹ́rin tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30, ẹ wọn ìyẹ̀fun búrẹ́dì 600 gíráàmù, omi tútù 370, iyọ̀ 12, àti yíìsì 2 gíráàmù, tó lé díẹ̀ ní ìdajì síbí tíì. Omi tútù ni mo wí o. Ìlànà tí wọ́n kọ fún ìlú olótùútù máa ń ní kí ẹ lo omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, àmọ́ ooru Èkó nìkan tó láti mú ìyẹ̀fun wú ní ìwúkúwùú. Nígbà tó bá yá, á máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, á sì máa rùn kíkan. Ẹ pò ó fún ìṣẹ́jú 10, ẹ bò ó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ pín in sí mẹ́rin, kí ẹ tò ó sínú ike tí ẹ fi òróró pa, ó di inú fíríìjì. Wákàtí kan kí ẹ tó yan án ni kí ẹ gbé e jáde. Bí iná bá lọ, ẹ má ṣí fíríìjì; bí kò bá tètè dé, ẹ gbé ike náà sínú kúlà oníyìnyín.

Ìka ọwọ́ ni kí ẹ fi tẹ́ ẹ, láti àárín lọ sí etí. Bí ẹ bá fi igi yí i, gbogbo afẹ́fẹ́ etí rẹ̀ ló máa jáde.

*

Òótọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ìyẹ̀fun yẹn, ṣùgbọ́n ààrò ló ń ba pízà ilé jẹ́ jù. Ní Naples, ààrò onígi wọn máa ń gbóná ju 430°C lọ, pízà á sì jinná láàárín ìṣẹ́jú kan sí ìkan ààbọ̀. Ààrò gáàsì abẹ́ sítóòfù tiwa, agbára káká ló fi ń dé 250. Bí ẹ bá wá gbé pízà lé àwo tútù kí ẹ tó tì í wọlé, orí á gbẹ, ìdí á sì funfun, á rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Ẹ dojú páànù irin tó nípọn dé sínú ààrò, ẹ tan iná débi tó ga jù fún ogójì ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà kí ẹ fa pízà lé e lórí. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí mẹ́wàá ti tó. Torí pé ìsàlẹ̀ ni iná gáàsì wà, ẹ gbé e sí òkè fún ìṣẹ́jú méjì tó kẹ́yìn.

Ẹni tí kò ní ààrò lè lo páànù ìdín-ẹyin tó nípọn, láìda òróró sí i. Ẹ yan ojú kan títí tí yóò fi ní àmì pupa, ẹ yí i padà, ẹ to ohun orí rẹ̀ sí i, ẹ dé e, kí ẹ dín iná kù. Ẹ fi aṣọ mímọ́ we ìdérí náà kí omi má baà kán sórí wàràkàṣì.

*

Tòmátì inú agolo tó ki, kíkan rẹ̀ ti pọ̀ jù láti fi pa pízà báyìí. Ẹ lọ tòmátì tútù, ẹ sè é títí omi rẹ̀ á fi gbẹ. Síbí ìjẹun mẹ́ta ti tó pízà kan. Mozzarella, wàràkàṣì rírọ̀ tí wọ́n ń tà nínú omi, gbọ́dọ̀ ro fún wákàtí kan. Wàrà àwọn Fúlàní kì í yọ́, torí náà ẹ dín in, kí ẹ sì fọ́n ọn sórí rẹ̀ bí ẹ bá fẹ́. Súyà ńkọ́? Ìgbà tí pízà bá jáde nínú ààrò ni kí ẹ tó fi sí i, torí ẹ̀pà inú yàjì máa ń jó, á sì korò. Bákan náà ni ẹfinrin: mọ̀lẹ́bí basil, ewé olóòórùn tí wọ́n máa ń fi sí pízà, ni, àmọ́ ó le jù ú lọ, ewé mẹ́ta péré ti tó.

*

Ẹ jẹ́ kí n wá bọ́ sórí ife kọ́kítéèlì. Èyí tó bá ní omi ọsàn, ẹ mì í. Èyí tó jẹ́ ọtí nìkan, ẹ rò ó. Daiquiri, tó gba orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ ìlú kan nítòsí Santiago ní Kúbà, jẹ́ ọtí rọ́ọ̀mù mílílítà 60, omi ọsàn wẹ́wẹ́ 25, àti omi ṣúgà 20. (Omi ṣúgà: ìwọ̀n ṣúgà kan, ìwọ̀n omi gbígbóná kan.) Ẹ mì í kíkankíkan pẹ̀lú yìnyín fún ìṣẹ́jú àáyá 12, kí ẹ sì fún ọsàn náà lọ́jọ́ náà gan-an. Negroni ni mo fẹ́ràn jù fún èrò púpọ̀, torí ẹ lè pò ó láàárọ̀: jíìnì, Campari (ọtí pupa tó korò) àti vermouth pupa (wáìnì tí wọ́n fi ewé olóòórùn sí), mílílítà 250 ìkọ̀ọ̀kan, omi 150, ó di fíríìjì. Ife mẹ́wàá ló máa jáde. Omi yẹn ṣe pàtàkì: òun ló rọ́pò yìnyín tó yẹ kó yọ́ sínú rẹ̀.

Chapman fún ẹni mẹ́jọ: Fanta ìgò 50cl méjì, Sprite méjì, grenadine (omi ṣúgà pupa) mílílítà 60, síbí tíì Angostura (bítà olóòórùn) kan, kùkúńbà àti ọsàn tí ẹ gé pẹlẹbẹ. Ẹ da ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò kẹ́yìn kí gáàsì rẹ̀ má baà lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ọtí wà nínú Angostura, ó tó ìdá 44 nínú 100. Bí ọ̀rẹ́ tí kì í mutí rárá bá wà níjokòó, ẹ ṣe jọ́ọ̀gì tirẹ̀ lọ́tọ̀ láìfi sí i, kí ẹ sì sọ fún un kedere.

*

Ìdajì kílò yìnyín fún ẹnì kan. Bí ooru bá mú, ẹ fi ìdajì sí i. Èyí tí ẹ rà ní títì, ẹ fi mú ìgò tutù nínú kúlà. Èyí tó máa wọ ife, omi tí ẹ̀ ń mu ni kí ẹ fi dì í. Kí ẹ sì pín ife fún gbogbo èèyàn kí pízà àkọ́kọ́ tó wọ ààrò. Bó bá ti jáde, ẹ gé e sí mẹ́jọ, ẹ gbé e sáàárín tábìlì kí gbogbo yín jọ mú nínú rẹ̀, kí ẹ tó ti èkejì wọlé. Ẹni tó bá ń dúró kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé, èyí tó ti tutù ni yóò gbé fún àlejò.