43 ni wọ́n kọ fún mi, kí ló ń sọ?

Ọmọ Ìsánlú, Leeds
Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ bá mi wo nǹkan. Ọmọ ọdún 29 ni mí, iṣẹ́ care alẹ́ ni mò ń ṣe. Ó kàn ń rẹ̀ mí ṣáá, mo bá lọ rí GP, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi. Àná ni èsì wọlé sórí fóònù: HbA1c 43, pé mo ti ń sún mọ́ àtọ̀gbẹ, kí n pè wọ́n. Ìyá mi nílé ń lo oògùn ṣúgà, ìdí nìyẹn tí àyà mi fi já. Mi ò kúkú sanra! Ẹ̀gbọ́n wa kan ní Houston ní 5.8 ni tòun, ohun kan náà ni wọ́n sì sọ fún òun. Báwo ni 43 àti 5.8 ṣe wá di ọ̀rọ̀ kan?

Ọmọ Kábà, Houston
Èmi ni ẹ̀gbọ́n náà, má fi mí pamọ́ 😂. Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò rí oorun sùn, kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún mi.

Ìyá Ìbejì láti Ẹ̀gbẹ̀, Birmingham
Ẹ má fòyà, láàbù ni mo ti ń jẹun. Ohun kan náà ni wọ́n wọ̀n, òṣùwọ̀n ló yàtọ̀. Ṣúgà máa ń lẹ̀ mọ́ hóró ẹ̀jẹ̀ pupa, hóró náà sì máa ń lo bí 120 ọjọ́ láyé. Iye tó lẹ̀ mọ́ ọn ni HbA1c ń kà, ìtàn oṣù méjì sí mẹ́ta ni. Iyán tóo jẹ lálẹ́ àná kò sí níbẹ̀.

Níbí, 42 sí 47 ni ẹnu ọ̀nà, 48 ni àtọ̀gbẹ. Ní Amẹ́ríkà, 5.7 sí 6.4 ni ẹnu ọ̀nà, 6.5 ni àtọ̀gbẹ. 43 rẹ tó bíi 6.1. 5.8 ti ẹ̀gbọ́n wa tó bíi 40: ká ní Leeds ló ń gbé, wọn ò ní pè é rárá!

Àmọ́ ẹ jẹ́ n bi yín: kí ni genotype yín? Ìwé tí pásítọ̀ ní ká mú wá ṣáájú ìgbéyàwó, tó wà nínú dúrọ́ọ̀ nílé títí dòní. Dókítà ibí kì í sábà béèrè rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìwádìí kan jáde ní 2017 lórí àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà tó lé ní 4,600. Wọ́n rí i pé bí ṣúgà AA àti AS bá jẹ́ bákan náà gan-an, HbA1c ti AS máa ń fi bíi 0.3 kéré lórí òṣùwọ̀n Amẹ́ríkà. Ti SS kò ṣeé gbọ́kàn lé rárá, hóró ẹ̀jẹ̀ wọn kì í pẹ́ kú, ṣúgà kì í ráyè lẹ̀ mọ́ ọn tó. Àìní G6PD tó, ìyẹn èròjà tó ń dáàbò bo hóró ẹ̀jẹ̀, náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá kìlọ̀ fún ìyá ẹ nígbà tóo wà lọ́mọ ọwọ́ pé kó má fi káńfọ̀ sáàárín aṣọ ẹ, sọ fún dókítà.

Ìwọ tóo gba 43, o ti mọ ibi tóo dúró. Ẹni tó jẹ́ AS tí wọ́n ní "kò sí nǹkan" fún ni mò ń bẹ̀rù fún. Kó ní kí wọ́n yẹ ṣúgà àárọ̀ òun wò láìjẹun: 7.0 mmol/L lọ sókè ni àtọ̀gbẹ.

Ọmọ Mọ̀pà, Winnipeg
Ẹ ṣeun, mà. 7.0 yẹn ló dójú tì mí lọ́jọ́sí. Màmá ka ẹ̀rọ tiwọn fún mi lórí WhatsApp pé 112! Mo ti ń pariwo kí wọ́n gbé wọn lọ sọ́síbítù kí àbúrò mi tó béèrè bóyá mo ti pín in sí ọ̀nà 18, nítorí mg/dL ni ẹ̀rọ Màmá ń kà, kì í ṣe mmol/L. 6.2 ni. Màmá bínú sí mi.

Wọ́n ń polówó àyẹ̀wò ínsúlínì, èròjà ara tó ń darí ṣúgà, fún mi, owó ńlá ni. Ṣé kí n ṣe é?

Ìyá Ìbejì láti Ẹ̀gbẹ̀, Birmingham
Òótọ́ ni pé ínsúlínì máa ń ga fún ọdún mélòó kan kí ṣúgà tó yọjú. Ṣùgbọ́n bí láàbù kan ṣe ń kà á kọ́ ni èkejì ń kà á, dókítà ẹ ò sì ní mọ ohun tó máa fi ṣe. Ra bàtà ìrìn. Ọ̀rá tí wọ́n ń pè ní triglyceride náà, tàwa adúláwọ̀ lè wà nílẹ̀ wẹ́rẹ́ kí ínsúlínì má sì ṣiṣẹ́ dáadáa. Kó má tàn yín jẹ.

Sí ẹni tó ní òun ò sanra: mú okùn, wọn gíga ara ẹ láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé àtàrí, ká a sí méjì. Ṣé ó yí ìkùn ẹ ká? Bí kò bá ká a, ọ̀rá wà nínú níbi tí dígí ò ti lè fi hàn ẹ́. Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ ìgbà oyún rí, ọdọọdún ni kó máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ẹ má sì dúró de lẹ́tà ní England o, ọmọ ọdún 40 sí 74 ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Ẹ lọ béèrè fúnra yín.

Ọmọ Kábà, Houston
Malt ni mo kọ́kọ́ dá dúró, ó dùn mí dọ́kàn. Mo wá ń rìn wákàtí méjì ààbọ̀ lọ́sẹ̀. Láti kílò 96 mo bọ́ sí 89, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà 5.8 di 5.5. Irú ètò yìí náà ni wọ́n yẹ̀ wò níbí tí èsì rẹ̀ jáde ní 2002: àtọ̀gbẹ fi 58 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láàárín àwọn tó ṣe é. Àbúrò, ẹ̀bà aago méjì òru yẹn, ìwọ àti ẹ̀ ni o.

Ìyá Ìbejì láti Ẹ̀gbẹ̀, Birmingham
Ọ̀fẹ́ ni ètò náà ní England fún ẹni tó wà láàárín 42 sí 47, oṣù mẹ́sàn-án. Bóo bá pè wọ́n, ní kí wọ́n fi orúkọ ẹ ránṣẹ́.

Ọmọ Ìsánlú, Leeds
Mo ti pè wọ́n, ẹ ṣeun. Ìyá mi tú dúrọ́ọ̀ wò láàárọ̀ yìí, ó ya ìwé náà ránṣẹ́: AS. Mo kà á fún nọ́ọ̀sì lórí fóònù, ó ní kí n wá ṣe ti àìjẹun ní Ọjọ́bọ̀. Okùn náà ò ká mi o 🙈. Ìyá mi ń béèrè bóyá mo lè mu tíì kí n tó lọ.

Ìyá Ìbejì láti Ẹ̀gbẹ̀, Birmingham
Omi lásán. Bá mi kí wọn.