Ṣé mọ́tò oníná lè gbé firísà mẹ́ta títí ilẹ̀ á fi mọ́?

Ìyá Ẹlẹ́ja Ẹlẹ́yẹlé

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹja àti adìẹ inú yìnyín ni mò ń tà ní Ẹlẹ́yẹlé níbí, firísà mẹ́ta ni mo ní. Band D ni àdúgbò wa, wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́, ọ̀sán ni wọ́n sì sábà máa ń mú un wá. Tó bá di alẹ́, jẹnẹrétọ̀ ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, èrè orí páálí títù ń bá epo lọ lóru.

Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Jámánì fẹ́ fi mọ́tò oníná ránṣẹ́ sí mi. Ó rí Nissan Leaf àlòkù, oní-40 kilowatt-hour. Ó tún rí Hyundai Ioniq 5 oní-72.6, àmọ́ ìyẹn wọ́n ju Leaf lọ dáadáa. Ó ní àtèyí àtìyẹn ló lè fún ilé níná padà, pé tílẹ̀ bá ṣú, kí n ki wáyà bọ mọ́tò, kí n ki etí kejì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri, gbogbo ilé á tàn. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé kò ní ba bátìrì mọ́tò jẹ́? Èwo ni kó rà? Owó òógùn ọmọ náà ni, mi ò fẹ́ kó ṣòfò.

Oníná Mọ́kọlá

Ẹ kú ọjà o, Mà. Kí n tó débi mọ́tò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe àbúrò yín lálẹ́ yìí, kí wọ́n má tún ọ̀rọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Tí iná mọ́tò bá gba ara ògiri wọlé, tí ẹ ò sì já iná ìta, ó máa gba mítà padà sórí òpó. Transformer tó ń sọ 11,000 volt di 415 fún àdúgbò, tó bá gba iná láti ẹ̀yìn, ó máa sọ ọ́ di ẹgbẹẹgbẹ̀rún padà ni. Ẹni tó gun òpó ti gbà pé iná ò sí. Mo mọ arákùnrin kan tí jẹnẹrétọ̀ inú ilé kan gbá lulẹ̀ lórí òpó báyẹn. Ó yè, àmọ́ ọwọ́ òsì rẹ̀ kò ká mọ́ títí di òní.

Changeover lẹ nílò, èyí tó ń já wáyà gbígbóná àti neutral, ìyẹn wáyà tí iná ń gbà padà, pọ̀. Iná tó ń tinú mọ́tò jáde dá dúró ni, kò so mọ́ ilẹ̀ bíi ti òpó. Tí neutral bá ṣì so pọ̀ mọ́ ti ìta, wàhálà ni.

Ó kan mọ́tò. Leaf lè fúnni níná lóòótọ́. Lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ 2011 ni Japan gbájú mọ́ ọn, nígbà tó sì di 2012, ẹ̀rọ tó ń so ó mọ́ ilé ti jáde níbẹ̀. Àmọ́ iná bátìrì lásán, DC, ló ń gba CHAdeMO, ihò tó fi ń gba iná kíákíá, jáde. Ẹ̀rọ ńlá kan tó máa wà lára ilé ló ń sọ ọ́ di iná tí firísà lè jẹ. Ó wọ́n, 100 volt ni iná ilé ní Japan, 230 sì ni tiwa. Tó bá bàjẹ́, ta ló máa bá yín tún un ṣe n'Ìbàdàn? Ohun mìíràn ni pé Leaf kò ní omi tó ń tu bátìrì lára, ẹ sì mọ bí oòrùn wa ṣe rí.

Ti Ioniq 5, inú mọ́tò ni inverter rẹ̀ wà. Adapter kan wà tí wọ́n ń ki bọ ihò tó fi ń gba iná, sọ́kẹ́ẹ̀tì wà lára rẹ̀, ó sì lè gbé 3.6 kilowatt. Kilowatt-hour kan ni unit kan tí à ń rà sí mítà. Ẹ jẹ́ ká sọ pé firísà kọ̀ọ̀kan ń jẹ bíi unit méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta lóòjọ́, tẹ́ ẹ bá ro fáànù, gílóòbù àti èyí tó ń ṣòfò mọ́ ọn, òru kan kò ní ju unit mẹ́fà lọ. Kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá bátìrì náà. Jíjẹ díẹ̀díẹ̀ báyẹn kò ni bátìrì lára tó kí wọ́n máa fi mọ́tò sáré lọ sí Èkó. Oòrùn, àti kí bátìrì máa kún dé 100% lójoojúmọ́, ló yẹ kẹ́ ẹ sá fún. Ẹ fi í sí 80%, ẹ gbé mọ́tò sábẹ́ ìbòji.

Àmọ́ mọ́tò kì í dá iná o, ó kàn ń tọ́jú rẹ̀ ni. Wákàtí mẹ́jọ yín yẹn, tó bá fi ampere mẹ́wàá gbà á, bíi unit 18 ni. Ẹ fún un ní wáyà 4mm tiẹ̀ láti board wá. Sọ́kẹ́ẹ̀tì àtijọ́ máa yọ́.

Ọmọ Agbowó

Ẹ kú iṣẹ́, bọ̀dá. Ní Utrecht, nílẹ̀ Netherlands, Renault 5 tí aráàlú ń yá lò ti ń dá iná padà sórí òpó láti 2025. Ṣé Màmá ò lè máa ta tiwọn náà?

Oníná Mọ́kọlá

Àbúrò, V2G nìyẹn, kí mọ́tò máa tì iná sórí òpó. V2L, kí mọ́tò máa fún ohun èlò níná tààrà, ni Màmá nílò. Ẹ̀rọ tó ń tì iná sórí òpó, wọ́n ṣe é kó pa ara rẹ̀ tí iná òpó bá ti lọ, nítorí ẹni tó lè wà lókè. Ìgbà tí firísà Màmá nílò iná gan-an ló máa kú. Mítà tó lè ka àlọ àti àbọ̀ náà ń kọ́?

Ìyá Ẹlẹ́ja Ẹlẹ́yẹlé

Ọlọ́run á bù kún yín, ọmọ mi. Mo ti ní kó fi Leaf sílẹ̀. Mo wo ẹ̀yìn firísà, wọ́n kọ 1.3A sára méjì, 0.9A sára èyí tó kéré. Ṣé mọ́tò máa gbé wọn?

Oníná Mọ́kọlá

Àmín, Mà. 3.5A ni gbogbo ẹ̀, bíi watt 805, ó máa gbé wọn tìrọ̀rùn. Ibi tí wọ́n ti ń gbéra ni ká ṣọ́ra fún. Firísà lè fa ìlọ́po mẹ́fà nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá gbéra pọ̀, 21A nìyẹn, mọ́tò kò sì lè ju bíi 15.6 lọ, á já. Ẹ jẹ́ kí oníná yín fún kọ̀ọ̀kan ní switch tiẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti yí changeover, ẹ tan ọ̀kan, ẹ ní sùúrù bíi ìṣẹ́jú mẹ́ta kẹ́ ẹ tó tan èkejì. Kí àbúrò yín sì béèrè bóyá adapter wà pẹ̀lú mọ́tò náà kí wọ́n tó sanwó. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n sábà máa ń tà á.