Wọ́n ní ká gbé Bàbá lọ sọ́dọ̀ àwọn palliative: ṣé wọ́n ti jọ̀wọ́ wọn ni?

Àkọ́bíBàbá:
Ẹ kú ìjókòó o. Ìbàdàn ni mo wà. Jẹjẹrẹ prostate ń bá bàbá mi fà á, ẹni ọdún 74. Ó ti wọ egungun ẹ̀yìn àti ti itan wọn. Dókítà kọ ìwé pé ká lọ rí àwọn palliative, ìyẹn àwọn tó ń tọ́jú ìrora àti ìnira ẹni tí àìsàn rẹ̀ le, ní UCH. A lọ, wọ́n sì fún wa ní mọ́fíìnì olómi, oògùn ìrora tó lágbára, nínú ìgò. Látìgbà náà ni ilé ti dàrú. Àbúrò bàbá mi ní ọ̀dọ̀ àwọn yẹn ni wọ́n ń darí ẹni tí ọsibítù ti jọ̀wọ́ sí, ká yáa gbé wọn lọ sọ́dọ̀ eléwé ọmọ kan lápá Ṣakí. Màmá mi ò sọ nǹkan kan, ojú mi ni wọ́n kàn ń wò.

Alẹ́ ló ń dùn mí jù. Bàbá tí a kì í gbọ́ "yéè" lẹ́nu wọn ń kérora báyìí títí di ìrun àsùbá. Ẹ̀rù ìgò yẹn sì ń bà mí. Wọ́n ní òun ni wọ́n fi ń rọra pa èèyàn, nítorí náà ìgbà tí ìrora bá kọjá àfaradà nìkan ni mo ń fún wọn. Ṣé ká tún sọ fún Bàbá pé ó ti dé egungun? Wọn ò tíì mọ̀.

Nọ́ọ̀sìÀgbà:
Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Wọ́ọ̀dù àwọn tó ní jẹjẹrẹ ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìgò yẹn, torí òun ló kan Bàbá lálẹ́ òní.

Má dúró de ìrora. Bó bá ti gbilẹ̀ kí oògùn tó dé, ó máa ń ṣòro lé. Mọ́fíìnì olómi kì í ṣiṣẹ́ lára ju bíi wákàtí mẹ́rin lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sábà máa ń fún un ní mẹ́fà àárọ̀, mẹ́wàá, méjì ọ̀sán, mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, mẹ́wàá alẹ́. Dókítà lè sọ ti mẹ́wàá alẹ́ di ìlọ́po méjì kí aláìsàn lè sùn mọ́jú. Èyí tí wọ́n kọ fún Bàbá ni kí o tẹ̀ lé, má fi kún un, má dín in kù. Bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n bó ṣe yẹ, kì í pa èèyàn. Lọ́jọ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́ wọ́n lè máa tòògbé, èébì lè máa gbé wọn. Ìyẹn á lọ. Èyí tí kì í lọ ni àìrígbẹ́ yà. Bí wọn ò bá kọ oògùn ìgbẹ́ mọ́ ọn, padà lọ béèrè. Bí o bá jí wọn tí wọn ò jí, tàbí tí mímí wọn ń falẹ̀, pe dókítà lójú ẹsẹ̀.

Torí ó ti wọ egungun ẹ̀yìn, gbọ́ èyí dáadáa: bí ẹsẹ̀ wọn bá ṣàdédé rọ, tàbí tí wọn ò mọ̀ ọ́n lára béèyàn bá fọwọ́ kàn án, tàbí tí wọn ò lè tọ̀ mọ́, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ dé ọsibítù. Bí ẹ bá pẹ́, wọ́n lè má rìn mọ́.

Àwọn palliative ò ní kí ẹ dá ìtọ́jú yòókù dúró o. Abẹ́rẹ́ prostate lè máa lọ, wọ́n sì lè fi radiotherapy, ìtànṣán tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ, sí ojú egungun tó ń dùn wọ́n, torí ìrora nìkan. Ti sísọ fún Bàbá, kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n mọ̀ àti ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀.

AráPeckham:
Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. London la wà nígbà tí wọ́n dárúkọ hospice, ìtọ́jú ẹni tí àìsàn rẹ̀ ò ṣeé wò sàn mọ́, fún màmá mi, àwọn àbúrò mi sì bú sẹ́kún. Ìlú yìí náà ni dókítà kan, Cicely Saunders, ti ṣí ilé hospice St Christopher's ní 1967, oògùn nìkan kọ́ ló sì gbájú mọ́: ó ní ìrora ara, ti ọkàn àti ti ẹ̀mí jọ ń rìn ni. Nọ́ọ̀sì ló ń wá bá wa nílé, a ò san kọ́bọ̀. Yàrá tiwọn ni Màmá wà títí dé òpin. Nígbà tí wọn ò fẹ́ jẹun mọ́, nọ́ọ̀sì ní ká má fi tipátipá bọ́ wọn kó má bàa sá pá wọn lórí, ká máa fi òwú tútù pa ètè wọn. Ó ṣòro fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gan-an, tó ti se ọbẹ̀ ẹja sílẹ̀.

Àbúrò Bàbá yẹn, ẹ mú wọn dání lọ sí UCH. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fẹnu ara wọn bi dókítà.

Àkọ́bíBàbá:
Ẹ ṣeun, mà. Mo ti fi aago sórí fóònù. Bàbá sùn lánàá. Mo bi wọ́n bí ẹ ṣe ní kí n bi wọ́n, wọ́n ní àwọn ti mọ̀ látọjọ́ tí dókítà ti wo fọ́tò egungun àwọn tí kò sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ká pe àbúrò mi wá láti Ìlọrin, kí àwọn pín ilẹ̀ Ológunẹrú lójú gbogbo wa. Àbúrò wọn ò tíì gbà, ṣùgbọ́n wọ́n á bá wa lọ lọ́jọ́bọ̀.

Oògùn ìgbẹ́ yẹn ń kọ́? Bisacodyl ni wọ́n fún wa. Àárọ̀ ni àbí alẹ́? Bàbá ò fẹ́ kó gbé àwọn lórí ìrun.

Nọ́ọ̀sìÀgbà:
Alẹ́ ni. Ó máa ń gba bíi wákàtí mẹ́fà sí méjìlá kó tó ṣiṣẹ́. Kí wọ́n má fi mílíìkì lò ó, kí wọ́n má sì jẹ ẹ́ lẹ́nu, kí wọ́n gbé e mì ni. Bí ẹ̀yìn ò bá sì jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n lè jókòó kírun, kódà wọ́n lè dùbúlẹ̀ kí i.