Ta ló lè bá mi wá eré «Mama» ti ayé àtijọ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Màmá àgbà òyìnbó kan tí mò ń tọ́jú níbi iṣẹ́ ní Chicago kò yéé sọ̀rọ̀ eré «Mama», tí CBS, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Amẹ́ríkà, ṣe láti 1949 sí 1957: ìdílé Hansen tó ti Norway wá tẹ̀dó sí San Francisco. Peggy Wood ló ṣe ìyá wọn. Bí màmá yìí bá ti gbọ́ òórùn kọfí báyìí, ọ̀rọ̀ Hansen ti dé nìyẹn! Ìwọ̀nba tí mo rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣú dùdù, bíi kéèyàn máa wo inú kànga. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni mo ti lè rí èyí tó mọ́ díẹ̀? Ti Kérésìmesì, níbi tí àwọn ẹran ti ń sọ̀rọ̀ lóru, ló ń bẹ̀ mí fún jù.